Kámẹ́rà ìṣọ́ ní ìgboro Ìbàdàn: Ṣé analog ni àbí HD?

Orí òkè Mápó ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ tan àwòrán tẹlifíṣọ̀n káàkiri Ìbàdàn wà, nígbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Ìlà 625 ni wọ́n fi ń to àwòrán ayé ìgbà náà jọ. Ìlà 625 yìí kan náà ni kámẹ́rà ìṣọ́ analog tí àwọn oníṣòwò kan ṣì gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ ń lò. Nǹkan bíi 576 nínú rẹ̀ ni ojú sì ń rí. Bó ti wù kí dígí ojú kámẹ́rà náà dára tó, kò lè kọjá ibẹ̀.

Kámẹ́rà ìṣọ́ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni àwọn ará Jámánì lo irú rẹ̀ ní Peenemünde láti máa wo ọta rọ́kẹ́ẹ̀tì bó ti ń gbéra, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró sítòsí iná rẹ̀. Walter Bruch tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ iṣẹ́ náà ni ó tún wá ṣe ètò àwọ̀ PAL tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà lò lẹ́yìn náà.

Lóde òní, orúkọ náà, analog, ń da ojú rú lọ́jà. Ohun méjì ni àwọn tó ń tà á ń pè bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ ti ayé àtijọ́, tó jẹ́ pé tokunbọ̀ àti ọjà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkejì ni HD tó ń gba inú wáyà irú èyí tí wọ́n fi ń so eríàlì tẹlifíṣọ̀n, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ọdún 2012, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ CVI, TVI tàbí AHD. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "analog ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ bíi HD" kò fi dandan gbọ́ irọ́. Kí ó béèrè bóyá 720 ni tàbí 1080, kí ó sì ní kí wọ́n tan án lójú òun.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni ti ojú olè. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé kí àwòrán tó lè fi ẹni tí wọn kò mọ̀ rí hàn dájú, mítà kan ní ìbú gbọ́dọ̀ ní píksẹ̀lì 250. Analog àtijọ́ ní nǹkan bíi 704 ní ìbú, èyí tó jẹ́ pé ibi tí kò fẹ̀ ju mítà 2.8 lọ ló lè ṣọ́ dáadáa. HD 720 lè ṣọ́ mítà 5, ti 1080 sì lè ṣọ́ mítà 7.7. Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tóóró kan ní Ọjà'ba lè fi analog kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì tó o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e kọjú sí gbàgede agbo-ilé ní Bẹyẹrunka, yóò fi hàn pé ènìyàn kan kọjá. Ẹni tó jẹ́ kò ní hàn. Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣègbé báyìí.

HD mìíràn ni ti IP, tó ń gba wáyà kọ̀ǹpútà. Wáyà kan ṣoṣo lè gbé àwòrán àti iná rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ láìní ẹ̀rọ mìíràn láàárín. Wáyà eríàlì tó jẹ́ ojúlówó bàbà máa ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní wáyà rárá kò bá ìgboro mu: ògiri amọ̀ tó nípọn àti páànù orí ilé a máa dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ní analog tí wáyà rẹ̀ ṣì dára kò nílò láti tú gbogbo rẹ̀ dànù. Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ sí irú èyí tó ń gba ti àtijọ́ àti HD pọ̀, kí ó tó máa pààrọ̀ kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan.

HD kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Kámẹ́rà 1080 kan tó bá ń kọ mẹ́gábíìtì 4 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 43 lójúmọ́. Mẹ́rin irú rẹ̀ yóò kún tẹ́rábáìtì kan láàárín ọjọ́ mẹ́fà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó wà nílẹ̀ rẹ́. Analog mẹ́rin tó ń kọ mẹ́gábíìtì kan lè lò ju ogúnjọ́ lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún oníṣòwò tó jẹ́ pé ìparí oṣù tó bá ń ka ọjà ló ń mọ̀ pé nǹkan ti sọnù. Ìtẹ̀jáde H.265 dín ohun tí HD ń jẹ kù sí nǹkan bí ìdajì, ó sì yẹ kí ẹni tó ń rà á béèrè fún un.

Ní ti iná, fóòtì 12 ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kámẹ́rà analog àti HD onífọ́nrán eríàlì ń lò, nítorí náà bátìrì lè gbé wọn nígbà tí iná bá lọ, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá gbàgbé àpótí náà. Òru tí iná bá lọ ni olè ń dé.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, ní ìpín 84, sọ ohun tí ẹni tó bá fẹ́ gbé àwòrán inú ẹ̀rọ lọ sílé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn nípa bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, kan oníṣọ́ọ̀bù tó ń ya oníbàárà. Nínú agbo-ilé sì rèé, kí kámẹ́rà má ṣe kọjú sí balùwẹ̀ tàbí yàrá ẹlòmíràn, bí wọn kò bá fẹ́ ẹjọ́ lọ́dọ̀ Mọ́gàjí.

Kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣínà tí ẹ̀rọ bá bá dé láti ilé-iṣẹ́, nítorí àwọn kámẹ́rà tí wọn kò pààrọ̀ tiwọn wà lára ohun tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ fi da íntánẹ́ẹ̀tì rú ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2016. Kí wọ́n sì máa wo aago inú àpótí náà lẹ́yìn tí iná bá ti lọ, nítorí ibi tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá ti kú, ọjọ́ tó máa kọ sára àwòrán olè kì í ṣe ọjọ́ tí olè wá.