Oúnjẹ Ẹ̀rọ Nígbà Ọyẹ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1958, Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì kékeré kan, Vanguard 1, sí òfurufú. Rédíò méjì ló gbé lọ: ọ̀kan ń jẹ bátìrì, èkejì ń jẹ oòrùn. Kí oṣù Kẹfà tó tán, ti bátìrì ti dákẹ́; ti oòrùn fọhùn títí di 1964. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni a ń fi ṣe sẹ́ńsọ̀ aláìlówáyà, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí à ń fọ́n ká oko kí wọ́n lè máa wọn ọ̀rinrin ilẹ̀: èyí tó bá ń rí oúnjẹ níbi tó wà ló ń pẹ́ láyé. Ohun tí mo rí nínú ìtàn wíwọn oòrùn ní Ìlọrin, ní Kwara, ni pé oúnjẹ oòrùn náà ní ìgbà ọ̀wọ́n tirẹ̀.

Ní 1992, Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìtànṣán oòrùn fún ètò àgbáyé BSRN. Ní 1998 ó wọ AERONET, ètò NASA tó ń wọn eruku ojú ọ̀run. Irú ẹ̀rọ AERONET fúnra rẹ̀ ń fi sólà gba agbára sínú bátìrì, ó sì lè fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ gba ojú sátẹ́láìtì. Ohun tó fi hàn ni pé eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti Bodélé ní Chad, pẹ̀lú èéfín igbó tí à ń sun, mú kí ojú ọ̀run Ìlọrin wà lára àwọn tó dọ̀tí jù lọ nínú ètò náà.

Òkè-Oyi, lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà, wà lábẹ́ ọyẹ́ yìí kan náà. Ibẹ̀ ni Lower Niger River Basin Development Authority ní ètò ìbomirin oko. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni àgbẹ̀ nílò omi àti ìròyìn ilẹ̀, ìgbà náà sì ni eruku ń bo ojú sólà. Àwọn kan yóò ní oòrùn Kwara kì í wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oòrùn tí kò dé ara sólà kò bọ́ ẹ̀rọ kankan. Àwọn mìíràn yóò ní kí a ra bátìrì ńlá. Àjẹṣẹ́kù ni bátìrì. Bó ti wù kó tóbi tó, ọjọ́ kan ni yóò tán bí ohunkóhun kò bá wọlé. Ó sàn kí ẹ̀rọ máa sùn, kó máa jí fọhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí rédíò ló ń jẹ púpọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ri sẹ́ńsọ̀ mọ́ oko Òkè-Oyi, ẹ fi oṣù Kejìlá àti Kìíní díwọ̀n sólà yín, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa nù ún.