Ipa Orin lára Ẹran Ọ̀sìn: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Ajá, Ológbò àti Màlúù

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá máa ń tan rédíò sílẹ̀ fún un bí wọ́n bá ń jáde, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn ìwádìí tí a yẹ̀ wò níhìn-ín fi hàn pé òótọ́ wà nínú ìgbàgbọ́ náà, ṣùgbọ́n etí ẹran ni ó yẹ kí a fi yan orin fún un, kì í ṣe etí olówó rẹ̀.

Ajá

Ní ọdún 2002, Deborah Wells àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Queen's, Belfast, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ajá 50 tó wà ní ibùdó àwọn ajá tí kò ní olówó. Orin kílásíkà irú ti Beethoven àti Vivaldi mú kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sì dákẹ́. Heavy metal ló mú kí gbígbó wọn pọ̀. Orin pop àti ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn kò yí ìṣe wọn padà. Ní ọdún 2012, Lori Kogan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kọlorádò rí ohun tó jọ èyí lára ajá 117: wọ́n ń sùn jù nígbà tí orin kílásíkà ń dún, ara wọn sì ń gbọ̀n nígbà tí heavy metal ń dún.

Àwọn onímọ̀ Glasgow kò fi ojú nìkan wò ó. Wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín lílù ọkàn kan sí èkejì, nítorí àlàfo yìí máa ń yàtọ̀ síra jù nígbà tí ara bá balẹ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n rí i pé orin kílásíkà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ́ àwọn ajá lára, tí agbára rẹ̀ sì dínkù. Nígbà tí wọ́n wá ń pààrọ̀ irú orin, nínú ìwádìí ọdún 2017, régè àti soft rock ló ṣiṣẹ́ jù lára ọkàn wọn.

Ológbò àti ọ̀bọ

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá ga ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ. Ti ajá dé nǹkan bí 45,000, ti ológbò sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, Charles Snowdon ní Yunifásítì Wisconsin àti David Teie tó ń ta sẹ́lò ṣe orin tó bá ohùn ológbò mu. Ìlù rẹ̀ ń sáré bí ológbò ṣe ń kùn nígbà tí ara tù ú, tàbí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fa ọmú. Nínú ìwádìí wọn lórí ológbò 47 ní ọdún 2015, àwọn ológbò sún mọ́ sípíkà, wọ́n ń fi orí nù ún. Orin ènìyàn kò fà wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ní Louisiana, ní ọdún 2020, irú orin yìí mú kí ara ológbò balẹ̀ sí i níwájú dókítà ẹranko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọ̀bọ kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ọ̀bọ kéékèèké irú tamarin yan ìlù tó falẹ̀ ju èyí tó yá lọ nínú ìwádìí McDermott àti Hauser ní ọdún 2007. Nígbà tí wọ́n fún wọn láǹfààní àtiyan ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òun gan-an ni wọ́n yàn.

Màlúù

Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ Leicester ròyìn pé wàrà màlúù fi nǹkan bí 3% lé sí i nígbà tí orin tó falẹ̀ ń dún.

Ìgúnlẹ̀

Orin kì í ṣe oògùn. Ẹran tó ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ ká gbé e lọ. Fún èyí tí ẹ̀rù tàbí ìdánìkanwà ń dà láàmú, kí orin falẹ̀, kí ó rọlẹ̀, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ tiwa náà fi àpàlà àti sákárà ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Bí orin bá sì di ariwo, ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kò lè sá fún sípíkà òde àríyá. Ojúṣe ẹni tó so ó ni láti gbé e kúrò níbẹ̀.