Ta Ni Ọlọ́pàá Ń Jíhìn Fún?

 Oṣù kẹwàá ọdún 2020 kò tíì pẹ́ débi tí a ó fi gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Èkó, tí a ń pè wọ́n ní alaalẹ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jáde sí títì, wọ́n ní kí ìjọba tú SARS ká, ìyẹn ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa lé adigunjalè. A fẹ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe débẹ̀ lónìí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó sì kan àwa tí a wà níhà ìhín ẹnubodè.

Ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Nígbà tí Glover tó ń ṣàkóso ìlú náà fún wọn fẹ́ kó ẹ̀ṣọ́ jọ, kò gbé ìbọn fún ọmọ Èkó. Àwọn Hausa ló kó jọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ẹni tí kò ní bàbá tàbí àna nílùú, ó rọrùn láti rán sí ìlú. Àwọn Faransé náà kò ṣe yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Dahomey. Ẹ̀ṣọ́ wọn ló ń tẹ̀lé owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe wọ abúlé, títí òfin fi fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní 1946. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ti ń jíhìn fún gómìnà, tí kì í jíhìn fún ìlú.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ọmọ onílé náà lè ni onílé lára. Àwọn àgbà mọ ohun tí ojú ìlú rí lọ́wọ́ àwọn ìlàrí àti ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, àwọn olóṣèlú lò wọ́n láti fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ alátakò, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba ológun fòpin sí wọn lẹ́yìn 1966. Nítorí náà, ibi tí ọlọ́pàá ti wá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó lè bi í pé, kí ló dé tí o fi ṣe èyí?

Ní 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ wọn gba kí wọ́n máa wọ múfùtí, kí olè má baà dá wọn mọ̀. Nígbà tó yá, ìlú náà kò dá wọn mọ̀ mọ́. Ọmọ tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó dá irun, wọ́n á ní Yahoo ni. Wọ́n á mú un lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé. Àjọ Amnesty International kọ ẹjọ́ ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn 82 sílẹ̀ láàárín oṣù kìíní 2017 sí oṣù karùn-ún 2020. Ìjọba ṣèlérí àtúnṣe léraléra. Ní 2018, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí FSARS. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 2020, wọ́n tú u ká, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù náà wọ́n kéde òmíràn tí wọ́n pè ní SWAT. Ejò bọ́ awọ, ejò náà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi kúrò lójú títì.

Nǹkan márùn-ún ni wọ́n bèèrè: kí wọ́n tú àwọn tí wọ́n mú nínú ìwọ́de sílẹ̀, kí ìdájọ́ òdodo àti owó ìtanràn wà fún ẹbí àwọn tó kú, kí àjọ olómìnira máa bójú tó ìwádìí, kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn ará SARS wò, kí wọ́n sì tún wọn kọ́ kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbòmíràn. Ẹ gbọ́ ìkarùn-ún: kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n ń lù ló ń bèèrè owó fún ẹni tó ń lù ú, nítorí ó mọ̀ pé ebi wà lára ohun tó ń mú ọlọ́pàá dúró gba rìbá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ọmọ ogun yìnbọn níbi tí wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀ ní Lẹ́kí. Lẹ́yìn náà ni ìlú dàrú: wọ́n dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì pa àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀, lábẹ́ adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi, gbọ́ ẹ̀sùn tó lé ní 200, ó sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 400 náírà fún àwọn tí wọ́n jẹ níyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí tó ṣòfò ní Lẹ́kí, ìjọba kọ̀ ọ́. Owó dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, òtítọ́ kò rí ìjókòó.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018 ni wọ́n da pólísì àti jàǹdáámù pọ̀ di Police républicaine. Ní oṣù kẹrin 2021, kí ìbò ààrẹ tó wáyé, àwọn èèyàn dí ọ̀nà ní Ṣábẹ, ọmọ ogun wá ṣí i pẹ̀lú ìbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ará Ṣábẹ kò nílò kí a ròyìn rẹ̀ fún wọn.

Kí ló ń mú ìgbẹ́kẹ̀lé padà wá? Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Nàìjíríà fi òfin ọlọ́pàá tuntun rọ́pò ti 1943 tí òyìnbó ṣe. Òfin náà fi ààyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tí ọlọ́pàá àti ará àdúgbò yóò ti jọ máa jókòó. Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí kò lè mú ọlọ́pàá dáhùn, ìpàdé lásán ni. Kí orúkọ ọlọ́pàá hàn láyà rẹ̀. Kí ẹ̀sùn tí ìyá kan bá mú wá ní ọjọ́ tí wọn yóò fún un lésì. Kí ìlú náà má sì fi ọ̀daràn pamọ́ nítorí pé ọmọ wa ni. Bí ọlọ́pàá bá ti ń jíhìn fún ẹni tó ń ṣọ́, ẹ̀rù á kúrò lọ́kàn àwa méjèèjì.