Dúdú Ẹtù, Dúdú Sányán: Orúkọ Wo Ló Yẹ Yíǹkì Fọ́tò?

Lọ́dún 2005 ni ilé-iṣẹ́ Epson gbé yíǹkì kan jáde tí wọ́n pè ní UltraChrome K3. K dúró fún dúdú, 3 sì ni iye dúdú tó jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀rọ: ọ̀kan dú gan-an, èkejì fẹ́lẹ́ díẹ̀, ẹ̀kẹta tún fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ fọ́tò dúdú-àti-funfun tún ní láti yan irú dúdú tó fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: Neutral, Cool, Warm tàbí Sepia. Orúkọ mẹ́rin, kò sí ọ̀kan tó gbọ́ Yorùbá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀gá tó bá fẹ́ fi èdè tó ń sọ nílé kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní Ìlọrin.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ fọ́tò kò ní èdè tirẹ̀. Láyé dáàkùrùmù, omi àti kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fọ fọ́tò lóòótọ́. Lónìí, orí fóònù ni oníbàárà ní àdúgbò Tánkẹ́ ní Ìlọrin ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́, síbẹ̀ “ẹ bá mi fọ̀ ọ́” náà ló ń sọ. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, wọ́n á ní ó ṣú. Bí pupa bá pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á ní ó ń pọ́n. Èdè wà nílẹ̀. Ti yíyan yíǹkì ni kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìtumọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni “dúdú tútù” fún Cool àti “dúdú gbígbóná” fún Warm. Kò dára. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, tútù ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: “Àlájà, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o, ó ṣì tútù.” Yíǹkì tútù ni yíǹkì tí kò tíì gbẹ. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ fọ́tò kan ní tútù, àfàìmọ̀ kí ọmọ náà má lọ sá a sóòrùn.

Ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dúdú, funfun àti pupa ni àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá fi ń pín ohun gbogbo. Àwọn tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọnà wa ti kọ ọ́ pé funfun ni Yorùbá kà sí àwọ̀ tútù, tí pupa sì jẹ́ àwọ̀ tó gbóná. Òyìnbó ní tirẹ̀, búlúù ló ń pè ní tútù. Búlúù kan náà yìí, bó bá ti jìn díẹ̀, inú dúdú ni Yorùbá ń kó o sí. Aṣọ tó mu aró dáadáa, aṣọ dúdú ni. Ẹni tó gbọ́ “dúdú tútù” lè máa retí fọ́tò tó ń lọ sí funfun, kí ẹ̀rọ wá gbé dúdú tó tún dú sí i jáde fún un. Gbígbóná sàn díẹ̀, torí Warm fà sí pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń rìn ni. Bí a bá ti da ọ̀kan nù, èkejì ò lè dá dúró.

Ní Ìlọrin, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rìn jìnnà kó tó rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ìlú ahunṣọ ni. Òun, Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí òkìkí aṣọ òkè wọn kàn jù lọ. Nínú aṣọ òkè, ẹtù, sányán àti àlàárì ni àgbà. Ẹtù ni òwú tí wọ́n rì sínú aró léraléra títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Bí oòrùn bá kàn án ni búlúù inú rẹ̀ máa ń yọjú. Sányán kò mọ aró rárá. Inú ilé tí kòkòrò ń hun fún ara rẹ̀ nínú igbó ni wọ́n ti ń rí okùn rẹ̀, búráùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kòkòrò fún un náà ló ń gbé dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ. Ẹni tó bá ti lọ síbi ìgbéyàwó Ìlọrin rí, kò ní ṣi méjèèjì mú ní òkèèrè. Kí Cool máa jẹ́ dúdú ẹtù, kí Warm máa jẹ́ dúdú sányán.

Kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni orúkọ méjì yìí fi bá a mu. Bí wọ́n ṣe ń po yíǹkì náà wà nínú wọn. Lúbúlúbú èédú tó kúnná gan-an ni ìpìlẹ̀ yíǹkì dúdú tó ń pẹ́ lára bébà. Bí èédú yìí bá pọ̀ lójú kan, dúdú ni. Bí a bá bomi là á tó tàn ká, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí pupa. Ìyẹn ni pé dúdú tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan kún, sányán ni àbínibí rẹ̀. Kó tó lè di ẹtù, àfi kí wọ́n fi búlúù sí i. Jon Cone, ará Amẹ́ríkà tó ṣe yíǹkì Piezography, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ dúdú àti eérú, pe ọ̀kan nínú wọn ní Carbon, èédú gan-an, èyí sì ń pọ́n. Tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà nílé kéú, irú èédú yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi oje igi pò kó lè lẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi èèpo igi sè, ìyẹn náà ń pọ́n. Àfáà tó bá ti po tàdáwà fúnra rẹ̀ rí ti mọ̀ pé dúdú ju ẹyọ kan lọ.

Neutral ló le jù. Ó ń wu ni láti pè é ní dúdú àìlábùlà, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Èédú tó ń pọ́n ni wọ́n fi àwọ̀ mìíràn pa ìpọ́n rẹ̀ títí tí kò fi fà síbì kankan mọ́. Dúdú àárín ló tọ́ sí i, èyí tó wà láàárín ẹtù àti sányán. Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá nílé ìwé ti bá àárín pàdé rí: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Òyìnbó ń pe ohùn ọ̀rọ̀ ní tone, ó sì tún ń pe àwọ̀ yíǹkì bẹ́ẹ̀. Kò sídìí tí a ó fi tẹ̀ lé e débẹ̀ yẹn. Yíǹkì kì í fọhùn.

Fún dúdú kejì àti ẹ̀kẹta inú K3, àbùlà ni ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ wọn mu jù: dúdú kan náà ni, wọ́n dín lúbúlúbú rẹ̀ kù nínú omi ni. Àbùlà kìíní, àbùlà kejì. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀, torí ẹni tó bá ta ẹmu àbùlà fúnni kì í gba àdúrà. Àmọ́ àbùlà orí àmàlà wà láti gba orúkọ náà sílẹ̀, ó kéré tán ní Ìlọrin.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ ní yíǹkì àbùlà yìí. Yíǹkì mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀rọ bí Epson L805: dúdú kan ṣoṣo, yẹ́lò kan, búlúù méjì, pupa méjì. Bó bá fẹ́ gbé àwọ̀ eérú jáde, àwọn wọ̀nyí ló máa dà pọ̀. Fọ́tò tó tibẹ̀ jáde lè dára lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa fà sí àwọ̀ ewé bí oníbàárà bá gbé e síta. Alágẹmọ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yẹ kó máa jẹ́.

Ní ti yíǹkì méjì tí wọ́n ń pè ní Photo Black àti Matte Black, bébà ló pín wọn níyà: ọ̀kan wà fún bébà dídán, èkejì fún èyí tí kò dán. Yorùbá ti ń sọ pé nǹkan dú mìnìjọ̀ bó bá dú tó sì ń dán, nítorí náà dúdú mìnìjọ̀ àti dúdú aláìdán ti tó. Sepia ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní sẹ́píà ká máa lọ. Ara ẹ̀dá inú òkun kan tó ń tu omi dúdú ni wọ́n ti mú orúkọ náà, kò sì sí irú rẹ̀ nínú odò Asa.

Irú yíyàn báyìí ti ní baba ìsàlẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin, ṣe ti apá kejì lọ́dún 1990, ọ̀rọ̀ ìperí fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ń tò. Lónìí, àwọn onímọ̀ èdè ń lo ohùn tó jẹ́ ti Yorùbá, wọ́n sì ń lo fóníìmù tó jẹ́ àyálò, kò sẹ́ni tó ń jà. Fọ́tò náà ti yá ọ̀rọ̀ rí. Stephen Sprague, tó lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún lọ́dún 1975, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978 pé jíjora, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ ère gbígbẹ́, bá fọ́tò Yorùbá mu. Bí ère bá lè yá fọ́tò ní ọ̀rọ̀, aṣọ òkè náà lè yá a.

Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni gbogbo èyí, kó wo fọ́tò J.D. ’Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ́dún 1968: sùkú, onílé gogoro, irun kíkó. Irun dúdú ni, òwú tí wọ́n fi kó o dúdú, ọrùn tó gbé e dúró dúdú. Bí a bá fi yíǹkì tí kò yẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á dì pọ̀, ojú ìpín irun á sì parẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní ju “dúdú” kan lẹ́nu kò lè ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa gbé fọ́tò bàbá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìpẹ́, ẹ sọ fún oníṣẹ́ bóyá dúdú ẹtù lẹ fẹ́ tàbí dúdú sányán. Bó bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ fi etí aṣọ hàn án.