Àgbẹ̀ Tuntun àti Oúnjẹ Èkó

Ìgà Ìdúngànràn tí gbogbo wa ń wò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orí oko ni a kọ́ ọ sí. Ìtàn àwọn baba sọ pé Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlọ́fin, ni ó gbin ata sí ibẹ̀, kí Ọba Gabaro tó ṣí ibùjókòó ọba kúrò ní Ìddó wá sí erékùṣù. Láti ìgbà náà ni ilé ti bo oko. Ìlú tí ó ti inú oko jáde kò lè bọ́ ara rẹ̀ mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ojú omi fi ń gbé oúnjẹ wá sí Ẹbúté Èrò láti etí ọ̀sà. Nítorí náà ọ̀ràn àgbẹ̀ kì í ṣe ti ará oko nìkan. Ó kan àwa tí a ń jẹ pẹ̀lú. Ìtàn ìlú wa sì fi hàn pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá oko kò lè dúró bí kò bá rí ohun mẹ́ta: ẹni tí yóò kọ́ ọ, irúgbìn tí yóò gbìn, àti owó tí ó tọ́ lórí ohun tí ó kórè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Agége. Captain J. P. L. Davies, oníṣòwò ńlá tí ó ran C.M.S. Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1859, rí ìṣubú nínú òwò rẹ̀. Ní nǹkan bí 1880 ó yí ojú sí ilẹ̀, ó sì dá oko kòkó sí Ìjọ̀n. Àwọn ará Èkó mìíràn tẹ̀lé e. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni J. K. Coker, ẹni tí ó wà nínú àwọn tí ó kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ní 1901 láti dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ìyapa náà kò ní kí àwa má fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Ní 1907 àwọn olóko náà dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀.

Àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko wọ̀nyí. Owó iṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n mú lọ sílé: wọ́n ti kọ́ bí a ti ń tọ́jú kòkó láti kékeré, wọ́n sì gbé irúgbìn lọ. Àwọn oníwàásù Ìjọ Áfíríkà pẹ̀lú mú ẹ̀kọ́ oko àti Bíbélì rìn pọ̀. Báyìí ni alágbàṣe di olóko. Lóòótọ́, kòkó kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni kòkó kékeré ń dàgbà sí, àgbẹ̀ sì ń jẹ wọ́n títí igi rẹ̀ yóò fi so.

Ní ti ilẹ̀, àwọn àgbà kò ra ajílẹ̀. Wọ́n a gbin gbáàgúdá, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ pọ̀. Wọ́n a jẹ́ kí koríko tí wọ́n ro jẹrà sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n a fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Lónìí ilé ti bo Agége, ààyè ìsinmi gígùn kò sì sí fún ilẹ̀ mọ́. Èèpo àti ewé tí ọjà wa ń dà nù ni ó yẹ kí ó jẹrà, kí ó sì padà sí oko.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kẹta. Ìjọba fi Captain A. P. Pullen ṣe alábòójútó oúnjẹ, wọ́n sì fi òfin dá iye owó gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Ète wọn ni kí mẹ̀kúnnù lè rí oúnjẹ rà. Ṣùgbọ́n iye náà kéré ju èyí tí àwọn obìnrin ọjà fi ń rà á lọ. Oúnjẹ fara pamọ́, a sì ń tà á ní bòókẹ́lẹ́ ní owó gọbọi. Alimotu Pelewura ti ọjà Eréko, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kò gbà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tako ìlànà náà títí a fi mú un kúrò ní 1945. Òfin kò lè mú kí ẹni tí ń pàdánù máa roko.

Ní ọjọ́ Ìkórè a ń gbé iṣu àti àgbàdo wá síwájú pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ẹni tí ó gbìn wọ́n, àti ohun tí a san fún un. Kí ìjọ tí ó ní ilẹ̀ ní apá Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú yà díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Kí àgbẹ̀ àgbà kọ́ wọn, kí a sì fún wọn ní irúgbìn. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì ṣe àdéhùn, kí a tó gbìn, láti ra ohun tí wọ́n bá kórè ní iye tí kò ní lé wọn kúrò lóko.