Ilé WASU ní London: Níbo Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Ń Kọ́ Iṣẹ́ Aṣáájú?

Látinú àkọlé ìwé tí G. O. Olúsànyà kọ ní 1982 lórí WASU (West African Students' Union), ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni a ti mọ ibi tó dojú kọ: ìṣèlú ìgbòmìnira. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò lè kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìṣèlú nìkan ni a fi wọn ẹgbẹ́ tí Ládípọ̀ Ṣólànkẹ́ àti Bankole-Bright dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, a ó rò pé ìpàdé àti ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ló sọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà di aṣáájú. Àpilẹ̀kọ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé wa, ó yẹ kí á ya aṣojú sọ́tọ̀ kúrò lára alábòójútó. Aṣojú ń gbẹnu ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ àwọn olùgbọ́ létí, ó ti yege. Alábòójútó ń tọ́jú ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, ìyẹn owó, yàrá, oúnjẹ àti orúkọ rere, ó sì gbọ́dọ̀ jíhìn gbogbo rẹ̀. Ènìyàn lè ṣe aṣojú fún ọdún mẹ́wàá láìmọ bí a ti ń ṣọ́ àpò. Alábòójútó kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu dídùn kì í san owó ilé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní WASU. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ní London kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ní 1929, Ṣólànkẹ́ kọrí sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wá owó ilé ẹgbẹ́, kò sì padà títí di 1932. Ní 1933, WASU ṣí ilé rẹ̀ ní Camden Road. Ṣólànkẹ́ ni alábòójútó, Ọpẹ́olú ìyàwó rẹ̀ sì ń bójú tó inú ilé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé Aggrey House kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà. WASU kọ̀ ọ́. Àwọn aṣojú ló kọ ìwé ìtakò, àmọ́ òrùlé tí wọ́n ti ní lórí ló jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Ṣólànkẹ́ pẹ́ jù lórí ipò, pé àwọn yòókù kò rí iṣẹ́ náà kọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bóyá ilé náà kọ́ ló sì kọ́ Kwame Nkrumah, igbákejì ààrẹ WASU lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní gbogbo ohun tó mọ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò ní ohun ìní kankan kò lè kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjíhìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan Nàìjíríà nìyí. Òfin àwọn ológun ti 1989 fi ṣíṣe ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù, ó sì fún àwọn aláṣẹ lágbára láti fòfin de ẹgbẹ́ náà. Láti ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan ti ti ẹgbẹ́ pa, wọ́n sì ń pe akẹ́kọ̀ọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìdarí. Aṣojú ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń bí. Kí àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso fásitì dá ẹgbẹ́ padà, kí wọ́n fi owó ẹgbẹ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ayẹ̀wéowówò láti ìta máa yẹ ìwé wọn wò lọ́dọọdún, kí a sì lẹ àbájáde rẹ̀ síbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kà á.