Onídùúró Lójà Màlúù

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ màlúù oníké. Eṣinṣin tsétsé inú igbó, tí ń kó àìsàn ran ẹran, kì í jẹ́ kí màlúù tó ti ìhà aṣálẹ̀ wá pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa. Màlúù kúkúrú aláìníké ni ara rẹ̀ gba ilẹ̀ náà. Nítorí èyí, láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹran tí a ń pa níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà ti ń ti àríwá wá: Fúlàní a sìn ín, Gàmbàrí a rà á, a sì dà á wá sọ́jà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ní Paris, wọ́n sì fa ààlà sáàárín ilẹ̀ Èkó àti ilẹ̀ Àjàṣẹ́. Àdéhùn ọdún 1898 fa ìlà náà dé odò Ọya. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ẹran kan náà ti ń ní iye méjì. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1994, nígbà tí fránkì Faransé kan, tó ń jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀, di 100 sẹ́fà, màlúù ilẹ̀ sẹ́fà di ọ̀pọ̀ lójú ẹni tó mú owó mìíràn wá.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ owó nìkan kò lè gbé ọjà ró. Ẹni tó da ẹran wá láti ọ̀nà jíjìn kò mọ alápatà. Alápatà kì í sì í sábà ní owó màlúù lọ́wọ́ kí ó tó tà á tán. Ta ni yóò dúró fún un? Ọ̀mọ̀wé Abner Cohen wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Sábó Ìbàdàn, àdúgbò tí a dá sílẹ̀ fún àwọn Gàmbàrí ní ọdún 1916. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Ó rí i pé baálé ibẹ̀ ni í gba oníṣòwò sílé. Alágbàtà tí wọ́n ń pè ní dillali ni í bá alápatà Yorùbá ná ọjà. Àwìn ni wọ́n sì ń tà á. Bí alápatà bá jẹ gbèsè tí kò san án, baálé ni yóò san án fún àlejò rẹ̀. Kò sí báńkì níbẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn. Orúkọ baálé ni wọ́n fi ṣe ìdógò. Àwọn àgbà tó ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ kò parọ́.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1998, CEDEAO pinnu ní Àbújá pé kí darandaran tó bá fẹ́ kọjá ààlà mú ìwé ẹ̀rí dání, tí yóò sọ iye ẹran rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fún wọn, àti ọ̀nà tí yóò gbà. Ní oṣù Ògún ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, Bẹ̀nẹ̀ fòfin de dída ẹran láti òkèèrè wọlé wá jẹko. Àwọn àgbẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tó fà á: ẹran ti jẹ oko, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín nǹkan méjì. Ẹni tó ń kó ẹran lọ sọ́jà ní baálé tó ń dúró dè é. Ẹni tó ń da ẹran jẹko kiri lè ṣàì ní ẹnì kankan tí àgbẹ̀ mọ̀. Ìwé ẹ̀rí lè sọ ibi tí màlúù ti wá, kò lè wá sí oko lọ́jọ́ tí màlúù bá jẹ iṣu, kí ó ní, “Èmi ni mo gbà á lálejò, èmi ni kí ẹ bi.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá ń gbọ́ àríyànjiyàn bóyá kí a ṣí ibodè tàbí kí a tì í, ẹ fi ìbéèrè kẹta kún un: ta ni onídùúró? Àwọn alápatà àti àwọn àlejò wọn ti dáhùn rẹ̀ rí, láìdúró de ìjọba.